Òkè, Ihò Àpáta àti Adágún: Ibi Tí Olúwa Ti Ń Pè Wá sí Ìdákẹ́jẹ́



Ní ọdọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nínú àwọn ìjọ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Pobè: "Ta ni yóò lọ sí Ìdáàṣà?" Àwọn ìyá a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn akọrin a máa tún ohùn ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a máa ń gbọ́, pàápàá lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́, àti lẹ́nu àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì: "Kí ni ẹ ń lọ wá ní ìdí òkè? Ṣé Ọlọ́run kò sí nílé yín ni? Àwọn bàbá wa lọ sí ìdí òkè, ẹ ní òrìṣà ni wọ́n ń bọ. Ẹ̀yin náà ń lọ sí ìdí òkè, ẹ ní Ọlọ́run ni ẹ ń sìn. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ gan-an, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó ń bi í bẹ́ẹ̀. Àpọ́sítélì Pétérù sì kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní pé kí á múra tán nígbà gbogbo láti sọ ìdí ìrètí wa fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, kí á sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù àti ọ̀wọ̀. Nítorí náà, nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ohun tí Ìwé Mímọ́ àti Ìjọ kọ́ wa nípa àwọn ibi ìdákẹ́jẹ́ tí Ọlọ́run fi ẹwà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹni tí ó ń lọ lè mọ ìdí tí ó fi ń lọ, kí ẹni tí kò lè lọ má sì rò pé òun ti pàdánù.

1. Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá

Bí ẹ bá ka Ìwé Mímọ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé ìgbà púpọ̀ ni Ọlọ́run mú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kúrò láàárín ariwo kí ó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Mósè ń da ẹran lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn aginjù, lẹ́bàá òkè Hórébù, nígbà tí ó rí igbó kékeré tí ń jó tí iná kò sì run. Orí òkè náà ni ó tún padà sí láti gba Òfin Mẹ́wàá fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Wòlíì Èlíjà sá dé òkè kan náà nígbà tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, tí ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Ìjì líle jà, ilẹ̀ mì tìtì, iná sì jó, ṣùgbọ́n Olúwa kò sí nínú wọn. Nínú ohùn pẹ́lẹ́ tí ó tẹ̀ lé wọn ni Èlíjà ti mọ̀ pé Olúwa wà níbẹ̀. Nígbà náà ni ó fi aṣọ bo ojú, tí ó sì jáde dúró ní ẹnu ihò àpáta. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀ títí. Ó rán an padà sí ẹnu iṣẹ́, sí àárín àwọn ènìyàn.

Olúwa wa Jésù Krístì fúnra rẹ̀ kò ṣe yàtọ̀. Ó wà nínú aginjù fún 40 ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Máàkù Mímọ́ sọ fún wa pé ó jí ní kùtùkùtù, nígbà tí ilẹ̀ kò tí ì mọ́, ó sì lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà. Lúùkù Mímọ́ sọ pé gbogbo òru ni ó fi gbàdúrà lórí òkè kí ó tó yan àwọn Àpọ́sítélì 12. Lórí òkè ni ìrísí rẹ̀ ti yí padà níwájú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù. Nínú ọgbà igi ólífì, ní ìkọjá odò Kídírónì, ni ó ti fi ara rẹ̀ lé ọwọ́ Baba ní alẹ́ tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ibi iṣẹ́ ìwàásù dé, tí èrò pọ̀ débi pé wọn kò ráyè jẹun, ó pè wọ́n lọ sí ibi ìdákẹ́ láti sinmi díẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí Ọmọ Ọlọ́run, tí òun àti Baba jẹ́ ọ̀kan, bá wá ibi ìdákẹ́jẹ́ láti gbàdúrà, mélòó mélòó ni àwa tí ọjà, oko, ọ́fíìsì àti fóònù alágbèéká kò fi ọkàn wa sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́? Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà níwájú ọmọ aráyé, nítorí ẹni tí kò bá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n níwájú Ọlọ́run, tí ó mọ àìní wa kí a tó la ẹnu, ẹni tí ó bá dákẹ́ ni yóò gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ní í sọ fún un.

2. Ohun tí Ìjọ kọ́ wa

Ìwé Katekísìmù ti Ìjọ Kátólíìkì, tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi fún gbogbo ayé ní ọdún 1992, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ibi tí ó yẹ fún àdúrà ní ìpín 2691. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a lè fà yọ níbẹ̀.

Èkíní, ilé Ọlọ́run, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì, ni ibi tí ó tọ́ jùlọ fún àdúrà ìjọ lápapọ̀, àti fún ìforíbalẹ̀ níwájú Jésù tí ó wà nínú Yúkárístì Mímọ́. Nítorí náà, kò sí òkè kan tí ó lè rọ́pò Mísà ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ yín.

Èkejì, ó dára kí ilé kọ̀ọ̀kan ní igun kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àdúrà, níbi tí Ìwé Mímọ́ àti àwòrán mímọ́ wà.

Ẹ̀kẹta, níbi tí ilé àwọn mọ́ńkì tàbí ti àwọn arábìnrin olùyàsọ́tọ̀ bá wà, ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ bá wọn kẹ́gbẹ́ nínú àdúrà, kí wọ́n sì rí ìdákẹ́jẹ́ tí àdúrà ìkọ̀kọ̀ ń fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ìrìn-àjò mímọ́ ń rán wa létí pé àwa fúnra wa jẹ́ arìnrìn-àjò ní ayé, tí a ń lọ sí ilé wa ọ̀run.

Ẹ rí i pé Ìjọ kò sọ pé Ọlọ́run ń bẹ ní ibì kan ju ibòmíràn lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwa ènìyàn kì í ṣe ẹ̀mí lásán bí àwọn áńgẹ́lì. A ní ojú, a ní etí, a ní ẹsẹ̀. Ohun tí ojú wa ń rí, tí ẹsẹ̀ wa sì ń tẹ̀, lè tú ọkàn wa ká, ó sì lè kó o jọ.

3. Òkè Arigbo ní Ìdáàṣà

Ní àárín orílẹ̀-èdè Benin, ní àgbègbè tí a ń pè ní Collines, ni ìlú Ìdáàṣà wà, èyí tí a ń kọ ní Dassa-Zoumé. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti ìhà gúúsù wá, tí ó ti la ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti oko ọ̀pẹ kọjá, á ṣàdédé rí àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n dìde láti inú ilẹ̀. Àwọn òkè bẹ́ẹ̀ náà ni ó yí àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ká. Ní ayé ogun àti ìkónilẹ́rú, àwọn òkè wọ̀nyí ni ibi ìsásí àwọn ènìyàn. Ìyá á gbé ọmọ pọ̀n, á gun àpáta, á sá sínú ihò, títí ogun yóò fi kọjá. Nítorí náà, nígbà tí àwa ọmọ ilẹ̀ yìí bá gbọ́ nínú Sáàmù pé Olúwa ni àpáta àti odi ààbò, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àwọn bàbá ńlá wa fi ẹsẹ̀ ara wọn mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1954, a ya ihò àpáta kan sọ́tọ̀ ní ìdí òkè Arigbo fún ọlá Màríà Wúńdíá, Ìyá Olúwa. Ọdún pàtàkì ni ọdún náà. Póòpù Píúsì Kejìlá ni ó kéde rẹ̀ ní Ọdún Màríà fún gbogbo Ìjọ, láti ṣe ìrántí 100 ọdún tí Póòpù Píúsì Kẹsàn-án kéde ẹ̀kọ́ Ìlóyún Àìlábàwọ́n ní 1854. Láti ìgbà náà ni ibẹ̀ ti di ibi ìrìn-àjò mímọ́ fún gbogbo Benin. Nígbà tí a sì dá dáyósíìsì Dassa-Zoumé sílẹ̀ ní 1995, àbójútó rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ní àárín oṣù kẹjọ, ní àkókò àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà sí Ọ̀run, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ti gbogbo Benin, Togo, Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn wá síbẹ̀. Wọ́n ń gba Rósárì, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ń rú ẹbọ Mísà Mímọ́ pọ̀.

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀. Ní Ọ̀tan-Ayégbajú, ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, òkè ìrìn-àjò mímọ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Òkè Màríà.

4. Ṣé òkè ni à ń bọ?

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé Ọgbọ́n, ní orí 13, sọ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n rí ẹwà iná, ti afẹ́fẹ́, ti ìràwọ̀ àti ti omi, tí wọ́n sì rò pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọlọ́run. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó mọ̀ pé bóyá Ọlọ́run gan-an ni wọ́n ń wá kí ẹwà tó dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ní ó yẹ kí wọ́n ti ara ẹwà náà mọ̀ pé Ẹni tí ó dá wọn lẹ́wà jù wọ́n lọ fíìfíì.

Nítorí náà, a kì í bú àwọn bàbá wa. Ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀ tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n dúró ní ìdí àpáta ńlá kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó dúró níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun kéré, ọkàn rẹ̀ ti kú. Àwọn bàbá Ìgbìmọ̀ Ńlá Vatican Kejì sọ ní ọdún 1965 pé Ìjọ kò kọ ohunkóhun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú àwọn ẹ̀sìn mìíràn. Ṣùgbọ́n Krístì ti fi Baba hàn wá, nítorí náà a kò lè dúró sí ìdí òkè mọ́ bí ẹni tí kò mọ Ẹni tí ó dá a. Ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ẹ lè sọ fún ẹni tí ó bá béèrè.

Àkọ́kọ́, a kì í bá òkè sọ̀rọ̀. Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan nìkan ni a ń foríbalẹ̀ fún. Màríà Wúńdíá ni a ń bọlá fún gẹ́gẹ́ bí ìyá, a sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀. A kò sìn ín bí Ọlọ́run. Ère rẹ̀ tí ó wà nínú ihò àpáta kì í gba ọlá fún ara rẹ̀. Láti ìgbà Ìgbìmọ̀ Ńlá Nisea Kejì, ní ọdún 787, ni Ìjọ ti kéde pé ọlá tí a bá fún àwòrán ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a yà sínú rẹ̀.

Ìkejì, a kì í gbé ẹbọ lọ fún òkè. Ẹbọ kan ṣoṣo ni a ní, èyí tí Jésù fi ara rẹ̀ rú lórí Àgbélébùú, tí ó sì wà níwájú wa nínú Mísà.

Ìkẹta, a kì í dúnàádúrà. Onígbàgbọ́ tí ó ń sọ pé, "Màríà, mo wá ní ọdún mẹ́ta, mo tan àbẹ́là méje, ó di dandan kí o fún mi ní ohun tí mo fẹ́," kò mọ̀ pé òun ti sọ ihò àpáta di ìsọ̀ ọjà. Ọmọ kì í ra ìfẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn tí aládùúgbò fi kàn wá ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, àwa fúnra wa ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà.

5. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn: ẹ̀kọ́ láti Lourdes

Ọ̀pọ̀ ihò àpáta Màríà tí a ní ní ilẹ̀ Áfíríkà ni a ṣe ní ìrántí ti Lourdes, ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1858, ọmọbìnrin tálákà kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, Bernadette Soubirous, lọ ṣa igi ìdáná létí odò Gave. Ìyá Olúwa fara hàn án nínú ihò Massabielle, ìgbà 18 ni ó sì rí i títí di ọjọ́ 16 oṣù keje. Ní ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ náà, Bernadette fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ìsun omi sì yọ. Omi náà ń ṣàn títí di òní.

Ẹ fetí sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, àìmọye ènìyàn ni ó ti lọ sí Lourdes, ọ̀pọ̀ sì ti ròyìn ìwòsàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1883 ni àwọn oníṣègùn ti ń yẹ ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, iye ìwòsàn tí Ìjọ fọwọ́ sí pé iṣẹ́ ìyanu ni sì lé díẹ̀ ní 70 péré. Bernadette fúnra rẹ̀, ẹni tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ìsun náà, kò rí ìwòsàn. Àìsàn ń bá a jà títí ó fi kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1879, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35. Síbẹ̀, Ìjọ pè é ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1933.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé Ọlọ́run lè wo ẹnikẹ́ni tí ó wù ú sàn, a sì lómìnira láti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ tí kò rí ìwòsàn kì í ṣe ẹni tí Ọlọ́run kọ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ó tún kọ́ wa pé Ìjọ kì í sáré kéde iṣẹ́ ìyanu. Nítorí náà, ẹ má ṣe da oògùn yín nù ní ìdí òkè. Ìwé Ọmọ Sírákì, ní orí 38, sọ fún wa pé Olúwa ni ó dá oníṣègùn, tí ó sì mú oògùn jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tí ó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kí ó mú un dání lọ sí Ìdáàṣà, kí ó lò ó lásìkò, kí ó sì gba Rósárì rẹ̀. Àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà.

6. Adágún Togo àti òkè Danyi

Bí a bá kọjá sí ilẹ̀ Togo, a ó bá ẹwà mìíràn pàdé. Ní etí adágún Togo ni Togoville wà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà láti ìgbà ìjọba àwọn Jámánì. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò a máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún náà láti lọ bu ọlá fún Màríà, tí a ń pè níbẹ̀ ní Ìyá Wa ti Adágún Togo. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì gbàdúrà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1985. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé a rí Ìyá Olúwa lórí omi náà ní nǹkan bí ọdún 1973. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ Ìjọ: irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ara ohun tí ó di dandan kí á gbà gbọ́. Ìfihàn tí Ọlọ́run ṣe nínú Jésù Krístì ti pé. Bí ìròyìn kan bá mú wa súnmọ́ Ìhìn Rere sí i, ó dára. Bí ó bá mú wa jìnnà sí i, kí á fi í sílẹ̀.

Ní ìhà àwọn òkè, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù, tí igbó sì tutù yọ̀yọ̀, lórí ilẹ̀ gíga Danyi, ni ilé àwọn mọ́ńkì Bẹnẹdíkítì wà ní Dzogbégan. Àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ti En-Calcat wá láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1961. Àwọn arábìnrin Bẹnẹdíkítì náà sì ní ilé tiwọn nítòsí. Kò jìnnà púpọ̀ sí àwọn ará wa Ifẹ̀ tí wọ́n wà ní Atakpamé. Àwọn mọ́ńkì náà ń gbàdúrà ní wákàtí tí a yà sọ́tọ̀ lọ́sàn-án àti lóru, wọ́n sì ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe kọfí, wọ́n sì ń fi èso igi ṣe àdídùn inú ìgò fún títà.

Bẹnẹdíkítì Mímọ́, bàbá wọn, gbé nínú ihò àpáta ní Subiaco, ní ilẹ̀ Ítálì, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹfà, kí ó tó di olórí àwọn mọ́ńkì. Nínú Òfin tí ó kọ sílẹ̀, ní orí 53, ó ní kí á gba gbogbo àlejò bí ẹni pé Krístì ni ó dé. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè kọ̀wé sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì béèrè àyè fún ọjọ́ mélòó kan láti ṣe ohun tí a ń pè ní rẹtírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé kí ènìyàn ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kí ó dákẹ́, kí ó ka Ìwé Mímọ́, kí ó wo ìgbé ayé rẹ̀ wò, kí ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìrìn-àjò mímọ́ ń kó wa jọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Rẹtírẹ́ẹ̀tì ń fi wá sílẹ̀ ní àwa nìkan níwájú Ọlọ́run. Méjèèjì ni ọkàn wa nílò.

7. Bí a ṣe ń lọ àti bí a ṣe ń padà

Kí ẹ tó lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé lọ. Ẹ yẹ ọkàn yín wò. Ẹ san gbèsè tí ẹ bá lè san. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ibi ìrìn-àjò mímọ́.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wá àkókò ìdákẹ́jẹ́. Ẹ pa fóònù yín fún wákàtí kan. Ẹ jókòó, kí ẹ wo àpáta tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí bàbá ńlá yín, kí ẹ sì ronú pé Ọlọ́run tí ó dá a mọ orúkọ yín. Ẹ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ìyẹn ni ẹ̀bùn tí ó tóbi jùlọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà bọ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ tọ́jú ibẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìwé tí ó pè ní Laudato Si', tí ó jáde ní ọdún 2015, Póòpù Francis kọ́ wa pé ayé jẹ́ ilé wa lápapọ̀, àti pé ìwà ìbàjẹ́ sí i jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó kọrin yin Ẹlẹ́dàá ní òru, tí ó sì ju ọ̀rá omi sílẹ̀ lórí àpáta ní òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti tako ẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe gé igi ibẹ̀, ẹ má fọ́ òkúta ibẹ̀ láti fi ṣe oògùn. Ìbùkún kò sí nínú èérún òkúta.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ rántí Èlíjà. Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tí ó lọ sí Ìdáàṣà nítorí ọmọ rẹ̀ tí kò ríṣẹ́. Ó gbàdúrà ní gbogbo òru. Ní òwúrọ̀ ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì mẹ́nu ba ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí òun kò kí fún ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé. Àlùfáà sọ fún un pé ìrìn-àjò rẹ̀ kò tí ì parí ní ìdí òkè. Ẹnu ọ̀nà obìnrin náà ni yóò parí sí. Ọ̀nà láti Ìdáàṣà dé ilé jìn, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí ó kù láti yàrá rẹ̀ sí yàrá ìyàwó ilé ni ó le jùlọ. Bí ó bá rìn ín, ó lọ sí Ìdáàṣà nítòótọ́. Bí kò bá rìn ín, ó kàn lọ wo òkè ni.

8. Ẹni tí kò lè lọ

Àwọn kan nínú yín ń ka ẹ̀kọ́ yìí lórí ibùsùn àìsàn. Àwọn mìíràn kò ní owó ọkọ̀, tàbí wọ́n ń tọ́jú arúgbó tí wọn kò lè fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe banújẹ́. Obìnrin ará Samáríà bi Jésù bóyá òkè tiwọn ni ó tọ́ kí a ti sìn ni, tàbí Jerúsálẹ́mù. Olúwa dá a lóhùn pé àkókò dé tí ìsìn Baba kò ní so mọ́ òkè kan tàbí ìlú kan, tí àwọn olùsìn tòótọ́ yóò máa sìn ín nínú ẹ̀mí àti òtítọ́. Ẹ kíyè sí i pé létí kànga ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀sán gangan, fún obìnrin tí ó wá pọn omi. Ibi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni Olúwa ti bá a pàdé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá gbàdúrà nílé, òkè Arigbo kò ní kọ́ ọ ní àdúrà ní ọjọ́ méjì. Ẹni tí ó bá sì ń gbàdúrà nílé, ìdí igi òroǹbó tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní ìdájí kí adìyẹ tó kọ, lè jẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́ fún un. Ẹ wá irú ibẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí Jésù lọ sí ibi ìdákẹ́jẹ́ láti gbàdúrà. Kí ni ó ṣe lẹ́yìn náà?
2. Bí bàbá rẹ tàbí aládùúgbò rẹ bá bi ọ́ pé, "Ṣé òkè ni ẹ ń bọ?", kí ni ìwọ yóò sọ fún un, tí kò fi ní rò pé o tàbùkù àwọn bàbá ńlá?
3. Kí ni ìgbé ayé Bernadette Mímọ́ kọ́ ẹni tí ó gbàdúrà fún ìwòsàn tí kò rí i?
4. Ta ni ẹni tí ó yẹ kí o bá làjà kí o tó lọ sí ibi ìrìn-àjò mímọ́, tàbí nígbà tí o bá padà dé?

Ìpinnu fún ọ̀sẹ̀ yìí

Èmi yóò yan ibì kan nílé tàbí nítòsí ilé, èmi yóò sì máa lo ìṣẹ́jú 15 níbẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú Ìhìn Rere.

Àdúrà

Ọlọ́run Baba wa, ìwọ tí ó gbé òkè kalẹ̀ tí o sì tẹ́ adágún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a dúpẹ́ fún ẹwà tí o fi pè wá. Má ṣe jẹ́ kí ojú wa dúró lára ohun tí o dá, kí ó má dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fún wa ní ọkàn tí ó lè dákẹ́, etí tí ó lè gbọ́ ohùn rẹ pẹ́lẹ́, àti ẹsẹ̀ tí yóò padà sílé láti làjà. Ìyá Olúwa, bá wa bẹ̀bẹ̀. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.